Òwú Tí Kò Ní Bá Ọ Gun Òkè

Muṣin, Èkó.

Wúràọlá, Àjíkẹ́ mi,

Ọyẹ́ ti dé sí Muṣin. Láti àárọ̀ ni eruku funfun ti bo páànù òrùlé gbogbo, oòrùn sì ń tàn lẹ́yìn rẹ̀ bí àtùpà tí wọ́n fi aṣọ bò. Gbogbo àdúgbò rọ̀ wọ̀ọ̀. Irú ọjọ́ báyìí ni ìyá rẹ fẹ́ràn jù, ọjọ́ tí èèyàn lè la ojú sílẹ̀ kó sì máa lá àlá. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gbé ìwé lé orí pákó tí mo fi ń gé aṣọ, mo ní kí n jókòó bá ọ sọ̀rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Bí ìkọ̀wé mi bá ń wọ́, fara dà á. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, abẹ́rẹ́ ni ọwọ́ mi mọ̀.

Mi ò ní béèrè bóyá o ń jẹun, torí mo ti mọ ohun tí o máa fèsì.

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á, mo sì tún un kà. O ní bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ti wọ ìsinmi gígùn, ìwọ àti àwọn tí ẹ jọ ń kọ́ nípa igbó máa fẹsẹ̀ rin orí àwọn òkè kan já, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, ẹrù yín lẹ́yìn yín. O ní ẹ ò ní sùn nílé, ẹ ò sì ní sùn nílẹ̀. Aṣọ gbọọrọ kan lẹ máa so mọ́ igi méjì, inú rẹ̀ lẹ máa wọ̀ sùn. O ní òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ wa. O wá bẹ̀ mí pé kí n rán kúbùsù méjì fún ọ, ọ̀kan tí o máa so sábẹ́ ibùsùn àsokọ́ náà, ọ̀kan tí o máa fi bora. O fi ìyẹ́ díẹ̀ àti díẹ̀ nínú òwú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe sínú àpò lẹ́tà, pé ohun tí wọ́n ń ki sínú kúbùsù lọ́dọ̀ yín lókè òkun nìyẹn. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá lo kọ ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó: "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, òwú àràbà tí Màámi ṣà sílẹ̀ ni kí ẹ ki sí i. Òun ni mo fẹ́ kó bò mí."

Àpò òwú náà ṣì wà níbi tí ó fi í sí, lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. Mi ò tíì lè gbé e kúrò. O rántí bó ṣe máa ń ṣe é? Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á gbé atẹ lé ẹsẹ̀, á máa yọ kóró inú òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, òwú á sì bò ó lórí títí irun rẹ̀ á fi funfun báláú. Á wá pè mí pé, "Bàbá Wúrà, ẹ wá wo arúgbó yín o." Èmi á ní, "Ẹ kú ogbó, ìyá àgbà." Gbogbo ewú tí ìyá rẹ hù láyé nìyẹn.

Nítorí náà, mo mọ ohun tí o ń béèrè lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ki ohun tí kò tó sínú kúbùsù yẹn, orí òkè ni o ó ti mọ̀, níbi tí ọwọ́ mi ò ti lè tó ọ. Ìwọ nìkan ló kù tí ó ń pè mí ní Bàámi. Èyí kì í ṣe ohun tí mo lè fi ìfẹ́ nìkan dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Sùúrùlérè, mo sì ṣe àṣìṣe, mo ka lẹ́tà náà sí i létí. Ó bọ́ fìlà. Ó ní, "Ọmọ tó ní yàrá, tó ní bẹ́ẹ̀dì, kí ló ń wá lórí igi? Ṣé ó ti di ọ̀bọ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sùn lórí igi. Àárín igi méjì ni."

"Ìyẹn ló tún wá burú jù! Ọ̀bọ gan-an mọ̀ pé kóun di ẹ̀ka mú. Kọ̀wé sí i lónìí. Sọ fún un pé bàbá rẹ̀ àgbà ní rárá."

Mo ti sọ fún ọ báyìí pé ó ní rárá. Ọ̀rọ̀ ti ẹ̀gbọ́n mi parí síbẹ̀. Èmi ò ní ní rárá. O kọ ọ́ pé láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, tí o kò sì lè wálé wá bá wa sin ín, oorun kò kùn ọ́ láàárín ògiri mẹ́rin mọ́, pé ìgbà tí ẹ lọ sùn nínú igbó ní ọjọ́ kan péré ni o sùn dénú. Ọmọ mi, orí pákó ìgéṣọ yìí ni èmi náà ń sùn. Bẹ́ẹ̀dì wa fẹ̀ jù. Ẹni tí kò lè sùn kì í bá ẹni tí kò lè sùn jiyàn. Ibi tí o bá ti rí oorun, lọ bá a níbẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n rí i pé ara rẹ gbóná nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀, ohun tí ojú mi rí ni mo fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, Ìdó ni a ti máa ń lọ gba àpò òwú tí ọkọ̀ ojú irin kó wá. Gbogbo ìwọ̀n tí a bá gbà ni a ó ki sínú mátírẹ́ẹ̀sì, a ó fi igi gbá a títí á fi le bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, torí pé oníbàárà Muṣin, àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń ra ọjà. Á tẹ̀ ẹ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá rì, á ní a ti jí òwú kó. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ mi fi gbà pé kíki ni dídára. Ọkùnrin kan tó ń lọ sí Jọ́ọ̀sì wá ní kí n rán kúbùsù fún òun, torí òtútù. Inú mi dùn. Mo ki í, mo gbá a, ọwọ́ ò rì. Nígbà tí ó padà dé, ó gbé e sílẹ̀ níwájú ọ̀gá mi gbì. Ó ní ó wúwo bí ẹran òkú, ó sì tutù bí ẹja.

Ọ̀gá mi ò bá mi jà. Ó tú etí kúbùsù náà, ó fa òwú púpọ̀ jáde, ó gbọ̀n ọ́n, ó rán an padà. Ó ní, "Ki ọwọ́ rẹ bọ̀ ọ́." Mo ki í bọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí ọwọ́ mi fi ń làágùn. Ó ní, "Òwú kì í mú èèyàn gbóná. Afẹ́fẹ́ tó jókòó sínú òwú tí kò rí ibi lọ, òun ló ń mú èèyàn gbóná. Ìwọ lé afẹ́fẹ́ jáde, o wá ń ta òwú."

Nítorí náà, Àjíkẹ́, bí o bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan wọ̀nyí, má ṣe bíi tiwa. Má tẹ̀ ẹ́. Ká a kékeré, jù ú sílẹ̀, kí o sì wo bó ṣe ń dìde. Èyí tó bá dìde sókè bí búrẹ́dì nínú ààrò, tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́, òun ni kí o bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí mo ti rántí èyí, mo rò pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀. Mo gbọn òwú ìyá rẹ díẹ̀, mo rán kúbùsù kan, mo rọra ki í, mo sì so aṣọ gbọọrọ mọ́ òpó méjì tó wà lẹ́yìnkùlé. Okùn tí wọ́n fi ń wọ́ mọ́tò ni mo rà ní Ládìpọ̀. Mo tẹ́ kúbùsù sínú aṣọ náà, mo dùbúlẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọgbọ́n inú ohun tí o kọ. Ẹ̀yìn mi tẹ òwú pẹlẹbẹ, atẹ́gùn ọyẹ́ sì ń gba abẹ́ mi kọjá bíi pé ìhòòhò ni mo wà. Ṣé o rí i, ẹni tó sùn sórí ilẹ̀ ní ilẹ̀ lábẹ́. Ẹni tó sùn sínú àsokọ́, atẹ́gùn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìta ni kúbùsù ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, kó rọ̀ sábẹ́ aṣọ náà, kó má sì sí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́.

Bí mo ṣe ń rò ó lọ, tí aṣọ náà ń jù mí díẹ̀díẹ̀, mo gbọ́ ẹ̀rín. Alhaja tó ń ta ẹja tútù lójúkọ wa ló wá gba sísọ́ọ̀sì.

"Bàbá Wúrà! Jàǹgìlófà lẹ wá ń gùn ní àgbà yín yìí?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, Alhaja."

"Iṣẹ́ rèé? Ẹ sún mọ́ ọ̀hún, kí èmi náà wá ṣiṣẹ́."

Mo bọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Alhaja, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Yàrá yìnyín yín, ṣé ẹ lè yá mi fún ìgbà díẹ̀?"

"Kí lẹ fẹ́ gbé síbẹ̀? Ṣé ìrọ̀rí máa ń bàjẹ́ ni?"

"Ara mi ni mo fẹ́ gbé síbẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Wúrà. Mo mọ̀ pé ilé dá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ọmọ."

Ó wá yé mi ohun tó rò. Mo yára ṣàlàyé: ìwọ, òkè, òtútù, kúbùsù. Ó gbọ́ ọ tán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ni. "Wúrà tó máa ń bá mi to ẹja kótè nígbà tó kéré! Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi ni màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ò sì ní tì pa. Kí ẹ máa kọrin, kí n lè mọ̀ pé ẹ wà. Bí ẹ bá ti dákẹ́, màá wọ́ yín jáde bíi pánlá."

Wúrà, mi ò tíì wọ irú ibẹ̀ rí. Funfun ni gbogbo rẹ̀. Èémí mi ń jáde bí èéfín, ẹ̀rọ ń kùn nínú ògiri pẹ̀lú ohùn kan ṣoṣo tí kì í mí, páálí ẹja tò lọ sókè bí ilé tí wọ́n kọ́ sínú àlá. Mo so àsokọ́ mọ́ irin, mo so kúbùsù òwú ìyá rẹ sábẹ́ rẹ̀, mo fi kejì tí mo tún rán bora, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kọrin.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó gbóná. Mi ò ní purọ́. Ó gbóná bí ẹ̀yìn tí wọ́n pọn ọmọ sí. Mo pa ojú dé, ohùn ẹ̀rọ yẹn wá di ohùn ìyá rẹ nígbà tó bá ń ṣa òwú, tó ń kùn lábẹ́ imú, kóró òwú ń bọ́ sínú atẹ, tò, tò, tò. Mo rí ẹnu ọ̀nà wa. Mo rí orí funfun rẹ̀. Mo ní nínú mi pé, ó tó, òun náà nìyí, òun ni ọmọ yìí máa gbé lọ.

Lẹ́yìn náà ni òtútù bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ojú ìránṣọ ló gbà. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ mi ti gún aṣọ òkè mọ́ aṣọ ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni òwú ti tán, òtútù sì ń fa ìlà sí mi lẹ́yìn bí ẹni tó ń fi ìka tútù kọ̀wé. Òwú tó kù ń ṣùjọ, ó ń yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò ku nǹkan kan níbi ìbàdí mi. Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tó ti ń ki òwú láti kékeré kò lè ṣàì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dìde. Òtútù ń wọlé, mo sì ń sọ fún ara mi pé kò wọlé, torí pé bí mo bá dìde, mo ti dá a lẹ́jọ́ nìyẹn.

"Bàbá Wúrà! Ẹ ò kọrin mọ́!"

Alhaja fa ilẹ̀kùn, ó sì fà mí jáde lóòótọ́. Ó gbé kóòkò gbígbóná fún mi, ọwọ́ mi ò sì lè di ife mú, òun ló bá mi dì í mú. Nígbà tí eyín mi dẹ́kun lílu ara wọn, ó bi mí pé, "Ṣé ó gbóná?"

Mo ní, "Rárá."

Ó mọ òwú ta ni. Ó ní, "Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀."

Nítorí náà, mò ń sọ fún ọ: òwú ìyá rẹ kò ní bá ọ gun òkè. Ó dára fún ìrọ̀rí, ó dára fún ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n kò lè di ara rẹ̀ mú fún ọ̀sẹ̀ tó pọ̀ nínú ẹrù tí a ń ká tí a ń tú. Má sunkún lórí rẹ̀, tàbí kí o sunkún ọ̀hún tán lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ gan-an ò ní fi òwú yẹn sínú kúbùsù òkè. Ṣebí kó tó ta ìrọ̀rí fún ẹni tí kò mọ̀ rí pàápàá, á kọ́kọ́ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀? Nígbà tí o bá wálé, a ó jọ wo ohun tí a máa fi òwú náà ṣe.

Èwo wá ni kí o mú? Mo dán ohun méjèèjì tí o fi ránṣẹ́ wò. Ìyẹ́ yẹn, ìyẹ́ múlọ́múlọ́ abẹ́ ikùn pẹ́pẹ́yẹ, bí mo ṣe dì í sínú ìkúùkù báyìí ni ọwọ́ mi ti gbóná, kò sì wúwo ju èémí lọ. Nígbà tí mo jù ú sílẹ̀, ó dìde bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ sínú àwo omi, ó sì di òròmọdìyẹ tí òjò pa. Títí di ọjọ́ kejì kò dáa. Òwú ẹ̀rọ yẹn wúwo díẹ̀ jù ú lọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ká kéré, àmọ́ nígbà tí mo fún omi rẹ̀ jáde, ó gbọn ara, ó tún dìde. Ó ní agídí. Mo fẹ́ràn agídí rẹ̀.

O kọ ọ́ pé ìkùukùu máa ń gba abẹ́ igi kọjá níbẹ̀ ní ìdájí, pé aṣọ a máa rin gbindin láìsí òjò. Nítorí náà, òwú ẹ̀rọ ni kí o ki sínú ti ìsàlẹ̀, torí òun ló wà níta tó ń pàdé ìkùukùu. Ìyẹ́ ni kí o ki sínú ti òkè, torí òun ló sún mọ́ ara rẹ, abẹ́ ìbòrí òjò ló sì máa wà. Bí owó rẹ ò bá tó fún ìyẹ́, òwú ẹ̀rọ ni kó jẹ́ méjèèjì, kí o ru ẹrù tó wúwo díẹ̀. Má ra ìyẹ́ tó pọ́ọ́kú. Igi ìyẹ́ ló máa pọ̀ nínú rẹ̀, á máa gún ọ.

Mo ti rán àpò kúbùsù méjèèjì. Òfìfo ni. Aṣọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti agbòòrùn ni mo lò. Wo ti ìsàlẹ̀ dáadáa: aṣọ ìta rẹ̀ gùn ju ti inú lọ. Kì í ṣe pé ojú mi ti ń ṣú. Ohun tó bá máa tẹ̀ bí abẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ìta rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ju inú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìta á fún inú lọ́rùn, ohun tó wà láàárín á sì di pẹlẹbẹ. Nínú ti òkè, mi ò rán aṣọ mọ́ aṣọ níbì kankan. Mo fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ògiri láàárín wọn, kí ìyẹ́ lè ní yàrá, kí òtútù má sì rí ojú abẹ́rẹ́ gbà wọlé. Mo fi ẹnu yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kí o ti ki í, ní yàrá tí atẹ́gùn ò sí, kí o wá rán an pa pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Okùn wà ní orí àti ẹsẹ̀ ti ìsàlẹ̀. Fà á títí yóò fi kan ẹ̀yìn rẹ fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá jìnnà, atẹ́gùn á kọ́lé sí àárín yín. Bó bá fún jù, o ti ki í bíi ti Muṣin nìyẹn.

Bí ẹ bá ti dúró nírọ̀lẹ́, kúbùsù ni kí o kọ́kọ́ tú, kí o tó wá oúnjẹ, kó lè mí. Tọ́jú ìbọ̀sẹ̀ kan tí kì í ṣe ti ìrìn. Àpò ọ̀rá méjì ni kí o fi di ìyẹ́.

Ó ku ẹyọ kan, òun ló sì jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lónìí. Mi ò tíì sọ bí àìsàn ìyá rẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ọ, torí lẹ́tà kò fẹ́ gbà á. Ọ̀sán gangan ni. Oníbàárà kún ọ̀dọ̀ wa. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tó fi kúbùsù tí a fẹ́ tà bora nínú oòrùn, tó ń gbọ̀n. Mo ní, "Kí ló dé?" Ó ní, "Ẹ máa tà. Òtútù kékeré ni, ó máa lọ." Kò fẹ́ dí wa lọ́wọ́. Kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí, títí ó fi pẹ́ jù.

O jọ ọ́, Wúrà. Ìwọ náà máa ń sọ pé ó máa lọ.

Kò sí kúbùsù tí èèyàn rán tí òtútù kan kò lè borí. Bí ó bá di òru ọjọ́ kan lórí òkè yẹn, tí o rí i pé o ti ń gbọ̀n, má ka iye ìgbà tó kù kílẹ̀ mọ́. Má sọ pé kúbùsù tí bàbá rẹ rán ni. Má ro pé o ó da oorun mọ́ àwọn tí ẹ jọ lọ lójú. Pe orúkọ wọn. Jí wọn. Kí wọ́n dáná, kí wọ́n fún ọ ní ohun gbígbóná, kí wọ́n sún mọ́ ọ. Bí wọ́n bá kùn, jẹ́ kí wọ́n máa kùn. Ẹni tó ń kùn á padà sùn.

Dí wọn lọ́wọ́, ọmọ mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.